Ẹ̀rín Fajúro Lórí Pátákó

Ojú ni Fajúro fi ń jẹun. Kì í ṣe pé ó rẹwà. Pósí ló ń kàn, ojú rẹ̀ sì gùn, ó wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì bí aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹni tí òfò ṣẹ̀ á fi ẹsẹ̀ wúwo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á rí ojú yẹn lẹ́yìn tábìlì, ara á sì tù ú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ lájò. Wọn kì í bá a nájà púpọ̀. Wọ́n á ní ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí kò lè máa rẹ́ni jẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Fajúro, òun náà sì ń dáhùn.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé eyín ọkùnrin náà ló dára jù ládùúgbò. Ó funfun, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní èjí níwájú. Ó kàn ń fi ètè bò ó ni, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun olóhun tọ́jú. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, opó kan wá yan pósí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe é kó fẹ̀ díẹ̀, nítorí pé olóògbé kì í fẹ́ ibi tó há. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọṣẹ́. Opó náà dìde, ó sì lọ. Ọ̀gá rẹ̀ fi èèkù ayùn gbá a nípàkọ́, ó ní, "Eyín rẹ yìí ló máa febi pa wá." Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, ìdí búrẹ́dì tó ti le ni wọ́n ń jù sí i, ìta ló sì ti ń jẹ ẹ́, lórí lẹ́búlẹ́bú pákó. Lẹ́búlẹ́bú náà a máa lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì. Ó ṣì mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu títí dòní. Láti ìgbà náà ló ti ti ẹ̀rín mọ́lé.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń rí eyín náà. Aránṣọ ni obìnrin yìí. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń jókòó, níbi tó ti ń rán aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sínú pósí. Ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Bí oníbàárà bá wà níwájú, ó máa ń há òwú sẹ́nu kó má bàa sọ̀rọ̀.

Òun ló fa gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ìfọnu kan tó ń jẹ́ Báláú pinnu pé àwọn kò ní lo òṣèré mọ́ láti fi polówó ọjà, pé ojú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn làwọn fẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ayàwòrán wọn dé òpópónà náà, ìyàwó Fajúro ń ra òwú lódìkejì títì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá eyín kiri," ó ní, "eyín wà nílé mi. Ẹni tó ni ín ni kì í jẹ́ kó rí oòrùn."

Wọ́n bá a wọlé, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Fajúro jókòó bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, sà," ayàwòrán ní.

"Eléyìí náà ni."

"Ìyàwó yín sọ pé eyín wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń sinmi."

Ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó gun inú pósí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ aṣọ sí lẹ́yìn ayàwòrán, ó nà gbalaja, ó káwọ́ sáyà, ó sì dijú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó la ojú kan. "Ọkọ mi," ó ní, "bá mi pe ọ̀gá tó kan nǹkan yìí. Mi ò ríbi fẹsẹ̀ kan lé èkejì."

Fajúro bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọgbà fún. Kámẹ́rà mú un.

Ó bi wọ́n pé ṣé ara páálí ọṣẹ náà ni àwòrán yìí máa wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ara páálí, àti níbòmíràn. Ó fọwọ́ sí i. Kò béèrè ibi tó ń jẹ́ ibòmíràn.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Fajúro tìyanu-tìyanu.

"Kápíńtà, ẹ kú ìmọ́tótó."

"Ìmọ́tótó wo?"

"Ẹ lọ wo oríta. Èmi ò ní fẹnu mi sọ ọ́."

Kò sí bí èèyàn ṣe lè wá sí ṣọ́ọ̀bù Fajúro kó má gba oríta kọjá. Pátákó gàgàrà kan ló wà níbẹ̀, tó ga ju ilé lọ, ojú Fajúro ló sì gba gbogbo rẹ̀. Èjí rẹ̀ nìkan ga tó ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ pé:

MO TI FỌ ẸYIN MI. IWỌ NKỌ?

Fajúro kà á, ó tún un kà. Eyín ni wọ́n fẹ́ kọ. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ohùn sí ọ̀rọ̀ náà rárá, ṣùgbọ́n ó rántí fi àmì kan sábẹ́ lẹ́tà tó ṣáájú, níbi tí kò ti yẹ kí àmì wà. Àmì bíńtín yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹnu, tó sì gbé e lọ sí ibi tí a fi ń jókòó. Òun Fajúro ló wá wà lókè yẹn, tó ń fi gbogbo eyín rẹ̀ sọ fún ará ìlú pé òun ti fọ̀dí.

Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè. "Ẹ wo bínú ẹ̀ ṣe dùn," ó ní. "Ó ti ní láti pẹ́ tó fọ̀ ọ́ kẹ́yìn." Ó yíjú sí Fajúro láti bá a pín ẹ̀rín náà, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo òkè, ó sì yára ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn ìyẹn ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí bàbá wọn kú. Èyí ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ti sunkún wọlé. Fajúro dìde, ó sọ ohun tó máa ń sọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó. Ẹ má kánjú." Obìnrin náà gbé orí sókè láti dúpẹ́, ó sì rí ojú rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ má bínú, sà," obìnrin náà ní. "Kì í ṣe pé... ṣé ẹ̀yin lẹ..."

Kò lè parí ẹ̀. Ó fi gèlè bojú, ẹ̀rín ń fún un lọ́rùn, nígbà tí ẹ̀rín sì dá, ẹkún ìtìjú ló gbà á. "Bàbá mi ló kú o," ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀. "Bàbá mi ló kú, wo ohun tí mò ń ṣe." Wọ́n jáde. Wọ́n lọ bá kápíńtà òdìkejì afárá, ẹni tí pákó rẹ̀ kì í gbẹ dáadáa, tí ìṣó rẹ̀ máa ń yọrí síta, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó mọ eyín rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ wọn gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Fajúro kọjá. Láti ibi tó dúró, ó rí orí ìṣó.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan gbìyànjú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọn kò lè sọ ìwọ̀n òkú wọn fún un láìbojú wo ògiri. Kò pẹ́ tí àwọn pósí tó ti parí fi jókòó ti ara wọn bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Ìyàwó rẹ̀ kò rí nǹkan rán mọ́.

"Ó kéré tán," ó ní, "wọ́n mọ̀ pé o mọ́."

"Ìyàwó, mi ò ṣeré."

"Mo mọ̀. Ìgbà wo lojú yẹn ṣeré rí?" Ó kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí pátákó yẹn bá fi wà níbẹ̀, a ó ti ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Lọ bá wọn."

Òkè pátápátá ni ọ́fíìsì Báláú wà, òtútù ibẹ̀ sì ń wọ egungun. Ọ̀gá ìpolówó wọn, obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dún kó tó yọjú, jáde wá pàdé Fajúro pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàbọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ ní ká gbé kí ni?"

"Ojú mi. Lẹ́tà yẹn ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Obìnrin náà jókòó. Kò tilẹ̀ bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi àmì yẹn sí i," ó ní. "Ẹ wò ó, FỌ ní àmì nísàlẹ̀. IWỌ ní. NKỌ ní. Ti àárín wá dá wà bí ẹni tí kò wọ bàtà. Mo ní kí wọ́n fún un ní tiẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ lè dọ́gba."

"Kò sẹ́ni tó kà á kẹ́ ẹ tó gbé e jáde?"

"Gbogbo wa la wò ó. Kò sẹ́ni tó kà á. Ọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ béèrè pé ṣé ẹyin adìẹ ni. Mo ní kó ṣáà máa tẹ̀ ẹ́." Ó sún àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Báláú ti tán lọ́jà. Àwọn èèyàn ń rà á fún ọ̀rẹ́ wọn láti fi dá àpárá. Kí wọ́n ṣáà máa dárúkọ wa, ìyẹn tó. Bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa bú wa, a ti wà lẹ́nu wọn."

"Ẹnu wọn kọ́ lẹ wà, màdáámù."

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́.

"Iṣẹ́ wo lẹ ní ẹ ń ṣe gan-an?" ọ̀gá ìpolówó bi í. "Wọ́n sọ fún mi pé kápíńtà."

"Kápíńtà ni. Pósí ni mò ń kàn."

"Háà. Àga ni mo rò." Ó wo Fajúro dáadáa, ó sì ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀. A máa tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Wọ́n gbé pátákó tuntun kọ́ sórí ti àtijọ́, ó tún tóbi jù ú lọ. Ẹnu Fajúro nìkan ló kún ibẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ojú, kò sí imú. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohùn tó yẹ: Ẹ MÁ BÍNÚ. EYÍN LA NÍ LỌ́KÀN, KÌ Í ṢE Ẹ̀YÌN. Wọ́n lẹ irú rẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àwọn ìsọ̀. Ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ wá ń béèrè ìtumọ̀, àwọn tó rí i sì ń fi ìdùnnú ṣàlàyé.

"Ó dáa tí wọn ò fi àwòrán èkejì sí i," onígbàjámọ̀ ní. "Ká dúpẹ́ ìyẹn náà."

Fajúro ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣálẹ́ rìn lọ sí oríta, kó ṣáà máa wo nǹkan tó ń bá òun jà. Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti bá a, pẹ̀lú Báláú tuntun nínú báàgì ọjà. Ó ti rí ojú rẹ̀ lára páálí ọṣẹ náà, inú rẹ̀ sì dùn láti pàdé ẹni tó wà lókè.

"Ẹ̀yin gan-an nìyí? Ọmọ mi ò ní gbà mí gbọ́. Iṣẹ́ wo lẹ wá ń ṣe, sà?"

"Pósí ni mò ń kàn."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó wo ẹnu ńlá tó wà lókè, ó wo ojú gígùn tó wà nílẹ̀, ó yọ Báláú náà jáde nínú báàgì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹni tó ń kan pósí," ó ní, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, fún ara rẹ̀. "Òun ló ní kí n máa fi nǹkan yìí sẹ́nu. Ó tún ń rẹ́rìn-ín." Ó rìn lọ síbi àgbá ìdọ̀tí, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀, ó sì lọ.

Fajúro dúró títí iná títì fi tàn. Nígbà tó délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ibi tó ti ń ká aṣọ.

"Kùn pákó kan fún mi ní funfun," ó ní. "Mo fẹ́ polówó ọjà."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọmọlanke ti pósí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sí oríta, èyí tó ń dán bíi dígí, wọ́n gbé e ka orí ìdúró méjì gan-an lábẹ́ ẹnu ńlá náà, wọ́n sì ṣí ìdérí rẹ̀ kí aṣọ funfun inú rẹ̀ lè hàn. Ìyàwó rẹ̀ gbé pákó tó kọ̀wé sí tì í.

"Kà á sókè," Fajúro ní.

"Mo ti kà á nílé."

"Tún un kà."

Ó kà á bí ẹni tó ń ka ìwé fún afọ́jú: "Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lókè ló kan ti ìsàlẹ̀ yìí. Ọjà wa kò wọ́n. Ẹ tètè máa bọ̀."

Fajúro gbé àga kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó sì jókòó. Kò polówó, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn fajú ro.

Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì na ọrùn jáde.

"Bàbá, èwo lẹ ń tà nínú méjèèjì?" ọkùnrin kan bi í.

"Èyí tó wà nílẹ̀."

"Ti òkè ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó bi í léèrè kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sọ fún ẹlòmíràn pé òun ti ń kíyè sí i pé nǹkan náà ń ta òun lẹ́nu. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo ìsọ̀ pé iléeṣẹ́ ọṣẹ ìfọnu kan ti gba kápíńtà pósí síṣẹ́, pé wọ́n jọ ń ṣòwò pọ̀ ni. Oníṣọ́ọ̀bù kan kó páálí Báláú rẹ̀ síta, ó ní kí àwọn tó gbé e wá wá gbé e. Ìyàwó Fajúro kò sọ ohunkóhun tí kì í ṣe òótọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ ló wà lókè yẹn, ó ní òun ni. Bí wọ́n bá ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó ní pósí ló rí.

Ọkọ̀ ọ̀gá ìpolówó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí èyí tí ìdí rẹ̀ ń gbóná. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, kò rántí ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe fún wa báyìí? Ẹ ń ba orúkọ wa jẹ́."

"Ọjà mi ni mò ń polówó, màdáámù."

"Lábẹ́ pátákó wa?"

"Lábẹ́ ẹnu mi ni. Ilé ẹni ni."

"Ẹ mọ ohun táwọn èèyàn ń sọ? Wọ́n ní Báláú ń pààyàn."

"Orúkọ yín ṣáà ni wọ́n ń dá," ìyàwó Fajúro ní láti ẹ̀gbẹ́ pósí. "Ẹ ní ìyẹn tó."

Ọ̀gá ìpolówó wò ó, ó wo pósí, ó wo àwọn èèyàn tó ti pọ̀ sí i láti ìgbà tó dé. Ẹnìkan ti ń yà wọ́n ní fọ́tò, òun, pósí àti ẹnu ńlá náà pọ̀. Ó kúrò lójú ọ̀nà kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò síbi tó lè sá sí tí ẹnu náà kò ní sí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́?" ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́."

"Àkàbà," Fajúro ní.

"Àkàbà?"

"Ẹ pe àwọn tó ní àkàbà. Kí wọ́n gun òkè yẹn, kí wọ́n yọ mí kúrò. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà, kí wọ́n má gbàgbé. Àti ti ara bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ti ń ṣe é, èmi náà á máa palẹ̀ ọjà mi mọ́."

Àwọn alákàbà dé kí oòrùn tó rọ̀. Ètè ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ya, lẹ́yìn náà ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní abala-abala. Fajúro jókòó títí èyí tó kẹ́yìn fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó dé pósí rẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó wá. Ó ń rẹ́ pákó, ó ń fi bébà yanrìn ha ohun tí kò nílò híha mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń tún aṣọ àwọn aládùúgbò ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá dún níta, àwọn méjèèjì á gbójú sí ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan wọlé, òun nìkan. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúdú, ti òsì jẹ́ búráùn.

"Ọkọ mi ni," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ jókòó. Ẹ má kánjú."

Ó jókòó, ó sì sunkún. Ó sunkún dáadáa, ó gba gbogbo àyè tó fẹ́ gbà. Ó ti pẹ́ tí Fajúro ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tábìlì, ojú rẹ̀ sì padà sí àyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Nígbà tí màmá náà nujú tán, ó gbé orí sókè, ó sì wò ó pẹ́.

"Mo ti rí yín níbì kan."

"Bóyá ẹlòmíràn ni, màmá."

"Ọkùnrin kan wà lójú pátákó lóríta níjelòó, tó ń sọ ìsọkúsọ nípa ìdí ara ẹ̀. Ẹ jọ ara yín."

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Àbúrò mi ni," Fajúro ní.

"Ìyá kan náà?"

"Ìyá kan, bàbá kan. Oníwàkuwà ni, màmá. Kò jọ wá."

"Ó yẹ kí ẹ bá a wí."

"A ti bá a wí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Màmá náà mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun kan bí ìwúkọ́ tí wọ́n fi aṣọ tẹ̀ pa dún lẹ́yìn kọ́tìnnì. Fajúro fa ètè rẹ̀ wálẹ̀, ó mú téèpù lórí tábìlì.

"Ọkọ mi ga o," màmá náà ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń yọ síta bẹ́ẹ̀dì ni. Mi ò mọ iye tó jẹ́."

"Ẹ fọwọ́ fi hàn mí. Bó ṣe máa ń ga tó bó bá dúró tì yín."

Ó dìde, ó bọ́ bàtà méjèèjì tí kò jọra náà, ó gbé ọwọ́ sókè kọjá orí ara rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ síbi tí orí ọkọ rẹ̀ máa ń dé. Fajúro na téèpù láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ ọwọ́ náà, ó kọ ọ́ sórí pákó. Ó ti kọ ọ́ tán, ọwọ́ náà ṣì wà lókè, Fajúro kò sì sọ fún un pé kó gbé e wálẹ̀.